Lẹ́tà Tó Sọ Wọ́n Di Ayanààrẹ: Amẹ́ríkà Láàrin 1788 sí 1801

Àwọn tó pè mí wá sọ̀rọ̀ ní kí n mú nǹkan kan wá nínú ìtàn ìṣèlú Amẹ́ríkà tí a kì í sábà gbọ́. Mo lè sọ̀rọ̀ ogun òmìnira wọn, mo sì lè sọ̀rọ̀ George Washington lórí ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí mo mú wá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé kan ni, tí wọ́n ṣẹ́ po, tí wọ́n fi ìda lẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan nílé rẹ̀, láti sọ fún un pé wọ́n ti yàn án mọ́ àwọn tí yóò dìbò yan ààrẹ.

Ìwé òfin ìpilẹ̀ tí wọ́n kọ ní Philadelphia ní 1787 kò gbé yíyan ààrẹ lé gbogbo ìlú lọ́wọ́ tààrà. Ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan àwọn ènìyàn kan, lọ́nà tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà bá fẹ́, kí iye wọn sì bá iye sẹ́nétọ̀ àti aṣojú tí ìpínlẹ̀ náà ní lókè mu. Àwọn wọ̀nyí ni yóò dìbò. N ó máa pè wọ́n ní ayanààrẹ lónìí. Ẹ má ṣe fi wọ́n wé àwọn afọbajẹ wa jù. Oyè ni tiwa, ẹni tó bá jẹ ẹ́ wà nídìí rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà sí Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ kó tó mọ̀ pé òun wà nínú àwọn tó ń fọba jẹ. Ayanààrẹ Amẹ́ríkà lè jẹ́ oníṣòwò, ó lè jẹ́ adájọ́, ó lè jẹ́ ológun tó ti padà sóko. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún un. Bó bá ti dìbò tán, ó di ará ìlú lásán. Nítorí náà, dandan ni kí ẹnì kan sọ fún un.

Ta ni yóò sọ fún un? Ìwé òfin kò wí. Ó sọ àwọn tí kò lè jẹ́ ayanààrẹ: sẹ́nétọ̀, aṣojú, àti ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó sọ pé inú ìpínlẹ̀ wọn ni wọn yóò ti pàdé, àti pé ẹni méjì ni olúkúlùkù yóò dìbò fún, tí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú olùdìbò. Ó tilẹ̀ ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe kọ orúkọ àti iye ìbò, bí wọn yóò ṣe fọwọ́ sí i, tí wọn yóò lẹ̀ ẹ́ pa, tí wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣolórí ilé aṣòfin àgbà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin tó wà lóko rẹ̀ nínú yìnyín oṣù Kìíní yóò ṣe gbọ́ pé òun ni wọ́n yàn, àwọn tó kọ òfin fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí wọ́n dá. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1788, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, tó wà ní New York nígbà náà, pàṣẹ pé Ọjọ́rú àkọ́kọ́ oṣù Kìíní 1789 ni kí àwọn ìpínlẹ̀ yan àwọn ayanààrẹ wọn, pé Ọjọ́rú àkọ́kọ́ oṣù Kejì ni kí àwọn ayanààrẹ dìbò, kí ìjọba tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ oṣù Kẹta. Ọjọ́ 7 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ọjọ́ 28 ló wà láàrin wọn. Lónìí, ọjọ́ 28 pọ̀. Nígbà náà, nǹkan bí ilé ìfìwéránṣẹ́ 75 ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní. Ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà máa ń san owó rẹ̀, ojú ọ̀nà kò dára, odò kò sì ní afárá níbi púpọ̀.

Ó tún ku ohun kan tó mú ọjọ́ 28 yẹn kúrú sí i. Ní Pennsylvania, Maryland, Delaware àti Virginia, ọjọ́ 7 oṣù Kìíní yẹn gan-an ni àwọn ará ìlú jáde lọ dìbò láti yan àwọn ayanààrẹ. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ní láti ka ìbò ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé iye rẹ̀ lọ sí olú-ìlú, kí àwọn aláṣẹ rò ó pọ̀, kí wọ́n kéde orúkọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wọlé, kí àwọn náà sì múra, kí wọ́n rìn dé ibi ìpàdé. Ní Pennsylvania, ìlú Reading ni wọ́n fi ìpàdé sí. James O'Hara, oníṣòwò tó ń gbé ní Pittsburgh, wà lára àwọn ayanààrẹ mẹ́wàá ìpínlẹ̀ yẹn. Láti Pittsburgh dé Reading, òkè Allegheny ló dábùú ọ̀nà, nínú òtútù ọ̀gínnìtìn. Síbẹ̀ ìbò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Mo gbóríyìn fún ẹnikẹ́ni tó gbé ìròyìn gba ọ̀nà yẹn, ẹni tí ìtàn kò fi orúkọ rẹ̀ síbi tí a ti lè tètè rí i.

Massachusetts ni ẹ jẹ́ kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ la ti rí i kedere pé kí ìlú dárúkọ ènìyàn yàtọ̀ sí kí wọ́n yàn án. Ìpínlẹ̀ náà ní ayanààrẹ mẹ́wàá. Wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí ẹkùn mẹ́jọ. Ní oṣù Kejìlá 1788, àwọn ará ẹkùn kọ̀ọ̀kan dìbò, àwọn méjì tí ìbò wọn pọ̀ jù lọ sì di ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló wá mú ẹnì kan nínú méjì yẹn lẹ́kùn kọ̀ọ̀kan nígbà tí oṣù Kìíní dé, tí wọ́n sì fi méjì mìíràn kún un fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ìyẹn ni pé ọkùnrin kan lè mọ̀ dájú pé àwọn aládùúgbò òun ti dárúkọ òun, kó sì jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìmọ̀ bóyá òun ni àbí ẹnì kejì òun. Ìwé ìròyìn lè gbé e. Èrò tó ń ti Boston bọ̀ lè sọ ọ́ ní ilé ọtí. Ṣùgbọ́n ẹnu èrò kì í ṣe àṣẹ.

Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. John Avery ló wà nípò náà ní Massachusetts láti 1780, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má rò pé lẹ́tà tó gùn ni irú èyí. Ohun tó ní láti ṣe kò pọ̀: kó sọ pé ilé aṣòfin ti yàn ọ́, kó sọ ọjọ́ àti ibi tí wàá ti pàdé àwọn yòókù, kó sì jẹ́ kí ìjọba mọ̀ bóyá wàá gbà tàbí o ò ní gbà. Nísàlẹ̀, akọ̀wé á pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ onírẹ̀lẹ̀ ẹni tó ń kọ̀wé sí, bí àṣà lẹ́tà ìgbà náà. Kò sí àpò ìwé lọ́tọ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ po, tí wọ́n ń kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìda pupa lẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ta ni àwọn tí Massachusetts yàn ní 1789? Caleb Davis, oníṣòwò, wà ní Boston níbẹ̀, kò jìnnà sí wọn rárá. David Sewall, adájọ́, ń gbé ní York, ní apá Maine, tó ṣì wà lábẹ́ Massachusetts nígbà náà. William Shepard ń gbé ní Westfield lápá ìwọ̀-oòrùn, òun ni ọ̀gágun tó kó àwọn ológun jọ ní ọdún méjì ṣáájú láti dáàbò bo ilé ohun ìjà Springfield lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó tẹ̀lé Daniel Shays ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba. William Cushing, olórí àwọn adájọ́ ìpínlẹ̀ náà, wà nínú wọn pẹ̀lú. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dìbò fún Washington àti John Adams. Kí ọdún tó parí, Washington ti yan Cushing sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì ti fi Sewall ṣe adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Maine. Òfin ní ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò lè jẹ́ ayanààrẹ. Kò sọ pé ayanààrẹ kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dìbò fún lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o. Mo kàn ń sọ ohun tí òfin fi sílẹ̀ láìwí.

Ní New Hampshire, díẹ̀ ló kù kí lẹ́tà má jáde rárá. Àwọn ará ìlú dìbò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìbò rẹ̀ tó ìdajì, nítorí náà ó kan ilé aṣòfin. Ilé ìsàlẹ̀ fẹ́ kí gbogbo wọn jókòó pọ̀ dìbò, ilé òkè sì kọ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Wọ́n fà á títí alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, ilé ìsàlẹ̀ ló sì padà juwọ́ sílẹ̀ nígbà tí òru ń lọ sí ìdajì. Ti New York burú jù bẹ́ẹ̀. Ilé méjèèjì bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì sí èyí tó gbà fún ìkejì. Àwọn ayanààrẹ mẹ́jọ tó tọ́ sí New York kò fìgbà kan wà, kò sí ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí. Bẹ́ẹ̀, New York City ni wọ́n ti ṣí ìwé ìbò, ibẹ̀ náà sì ni Washington ti búra. Ìlú tó gbàlejò ayẹyẹ kò dá sí yíyan ẹni tí wọ́n ń ṣayẹyẹ fún. North Carolina àti Rhode Island kò tíì gba òfin tuntun náà wọlé, nítorí náà ìpínlẹ̀ mẹ́wàá péré ló dìbò.

Nínú mẹ́wàá yẹn náà, ìbò mẹ́rin kò wọlé. Virginia ní ẹ̀tọ́ sí méjìlá. Ẹkùn kan kò mú ayanààrẹ kankan jáde, ẹnì kan tí wọ́n yàn kò sì yọjú sí ìpàdé ní Richmond. Maryland ní mẹ́jọ, òfin wọn sì pín in: márùn-ún láti etí ìwọ̀-oòrùn omi Chesapeake, mẹ́ta láti etí ìlà-oòrùn. Annapolis ni ìpàdé, ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn ní láti kọjá omi ńlá yẹn nínú òtútù. Àwọn méjì kò dé. Bí ìbò 73 ṣe di 69 nìyẹn. Gbogbo 69 ló dárúkọ Washington, nítorí náà àìdé àwọn mẹ́rin kò yí nǹkan kan padà. Ká ní ìdíje ló wà níbẹ̀ ni, ìbò mẹ́rin lè tú ìlú ká.

Lẹ́tà ìjọba nìkan kọ́ ló ń wọlé àwọn ayanààrẹ. Bí orúkọ bá ti jáde, lẹ́tà mìíràn a tẹ̀lé e, èyí tí kò ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1789, Alexander Hamilton, olóṣèlú ará New York, kọ̀wé sí James Wilson, ọ̀kan nínú àwọn ayanààrẹ Pennsylvania. Lásìkò yẹn, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ló ń di ààrẹ, ẹni tó bá tẹ̀lé e ló ń ṣe igbákejì. Ẹ̀rù ń ba Hamilton pé bí gbogbo wọn bá fi ìbò kejì wọn fún Adams, tí ẹnì kan sì yọ Washington sílẹ̀, Adams lè di ààrẹ níbi tí wọ́n ti ní kó ṣe igbákejì. Ó ní kí wọ́n sọ ìbò díẹ̀ nù. Ìbò kejì pín sí wẹ́wẹ́ lóòótọ́: Adams rí 34 nínú 69, John Jay rí 9, John Hancock tó jẹ́ gómìnà Massachusetts rí 4, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́rin náà tó ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ wá. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Wilson yìí kan náà ló ti dìde ní Philadelphia ní 1787 láti dábàá pé kí wọ́n pín ìlú sí ẹkùn, kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì yan àwọn tí yóò yan olórí. Ó dá a lábàá, ó sì wá gba lẹ́tà pé òun náà wà nínú wọn.

Mo ní láti sọ ohun kan níhìn-ín, kí ẹ má bàa rò pé gbogbo ènìyàn ló ń retí lẹ́tà. Kò sí obìnrin kan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kò sí aláwọ̀ dúdú kan. Àmọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mú lẹ́rú wà nínú ìṣirò. Ẹrú márùn-ún ni wọ́n ń kà sí ènìyàn mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá ń pín ìjókòó ilé aṣojú, iye ìjókòó yẹn ló sì ń sọ iye ayanààrẹ. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí Virginia ní méjìlá nígbà tí Massachusetts ní mẹ́wàá. Ọ̀gá oko ń gba lẹ́tà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ ni wọ́n fi kún iye lẹ́tà tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ lè kọ.

Nígbà tí wọ́n dìbò tán ní oṣù Kejì, àwọn tí yóò ka ìbò náà kò tètè pé. Ilé aṣòfin tuntun yẹ kó jókòó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni ilé aṣòfin àgbà tó ní iye ènìyàn tó tó. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣí àwọn ìwé ìbò. Charles Thomson, tó ti ń ṣe akọ̀wé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láti 1774, ló gbéra lọ sí ilé Washington ní Mount Vernon láti fi tó o létí. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ló débẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ tó mú wá fún un, Washington náà sì ka èsì tó ti kọ sílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ti mọ ẹni tó wọlé, Washington pàápàá ti lọ yáwó kó lè san gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, kó sì rówó rìnrìn-àjò. Síbẹ̀ kò kúrò nílé títí oníṣẹ́ fi dé. Ìwà yẹn kan náà ni wọ́n retí lọ́wọ́ ayanààrẹ: bí o bá tilẹ̀ ti gbọ́, dúró de ẹni tó ní àṣẹ láti sọ fún ọ.

Òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1792 ni mo kà sí ohun tó gbọ́n jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 34 ṣáájú Ọjọ́rú àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá láti yan àwọn ayanààrẹ. Ó wá pàṣẹ pé kí aláṣẹ ìpínlẹ̀ kọ orúkọ wọn sórí ìwé mẹ́ta, kó jẹ́rìí sí i, kó sì rí i pé ó dé ọwọ́ àwọn ayanààrẹ kí ọjọ́ ìdìbò tó kọjá. Àwọn ayanààrẹ náà yóò kọ ìwé ìbò mẹ́ta, wọn yóò so ìwé orúkọ kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yóò gba ọwọ́ oníṣẹ́ tí wọ́n bá yàn lọ, ọ̀kan yóò gba ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀kan yóò wà lọ́wọ́ adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ládùúgbò. Sẹ́ǹtì 25 ni owó oníṣẹ́ lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Bó bá gba iṣẹ́ náà tí kò jẹ́ ẹ, ẹgbẹ̀rún dọ́là ni ìtanràn rẹ̀. Bí ìwé ìpínlẹ̀ kan kò bá dé títí oṣù Kìíní, ìjọba yóò rán oníṣẹ́ pàtàkì lọ bá adájọ́ láti gba ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn tó ṣe òfin yìí mọ̀ pé ẹṣin ń ṣubú, odò ń kún, ènìyàn sì ń gbàgbé. Síbẹ̀ òfin kò lè tún gbogbo nǹkan ṣe: ní 1792 náà, ayanààrẹ méjì ní Maryland àti ẹnì kan ní Vermont kò dìbò.

Ní 1796, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹgbẹ́ òṣèlú ti wọ̀ ọ́. Ní Pennsylvania, olùdìbò ní láti fọwọ́ kọ orúkọ ayanààrẹ 15, John Beckley àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sì ń pín ìwé tí wọ́n ti kọ orúkọ sí kiri fún àwọn tó fẹ́ Thomas Jefferson ní ààrẹ dípò John Adams. Ìbò àgbègbè Greene, ní igun ìpínlẹ̀ náà lọ́hùn-ún, kò dé lákòókò. Èyí ló jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì láti inú Federalist, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn Adams, wọlé láàrin 15, tí ìwé gómìnà Thomas Mifflin fi kan Robert Coleman àti Samuel Miles. Miles ti ṣe olórí ìlú Philadelphia rí. Nígbà tí ó dìbò, Jefferson ló dìbò fún dípò Adams. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé àwọn kò yàn án kó máa ronú, pé àwọn yàn án kó ṣe ohun tí àwọn fẹ́. Jefferson rí ìbò 14 ní Pennsylvania, Adams rí ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, lẹ́tà ìjọba ṣì ń sọ fún ayanààrẹ pé wọ́n yàn án, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ohun tí yóò ṣe fún un kí lẹ́tà tó dé.

Ìwé náà kò tìtorí ìyẹn di yẹpẹrẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1801, Jefferson gẹ́gẹ́ bí igbákejì ààrẹ ló ń ṣí ìwé ìbò tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ìdíje rẹ̀. Ó kan ti Georgia, ìbò mẹ́rin. Ìwé gómìnà tó dárúkọ àwọn ayanààrẹ wà níbẹ̀, ó pé. Ṣùgbọ́n àwọn ayanààrẹ kò kọ ìwé ẹ̀rí ìbò bí òfin ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́, ẹ̀yìn ìwé gómìnà ni wọ́n kọ ìbò wọn sí. Jefferson kà á fún ara rẹ̀ àti Aaron Burr tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, kò sẹ́ni tó janpata. Kò sí ẹni tó jiyàn ẹni tí Georgia yàn, torí ìwé tó sọ orúkọ wọn kò ní àbùkù.

Ìdájọ́ tèmi nìyí, ẹ sì lè bá mi jiyàn lé e. Àwọn tó kọ òfin ní 1787 la ń yìn ṣáá lórí ètò ayanààrẹ, àwọn tó ṣe òfin 1792 ni iyìn tọ́ sí jù. Àwọn àkọ́kọ́ pinnu ẹni tí yóò dìbò. Àwọn ìkejì rántí pé ẹni tí kò gba ìwé ní àkókò kò lè dìbò, wọ́n sì fi owó, ọjọ́ àti ìtanràn sí i.